Ọjọ́ Mẹ́jọ Tèmi, Ọjọ́ Mẹ́jọ ti Kọ́ọ̀tù

Ìṣẹ́gun, 13 Épírì 1993

Èmi ni. Èmi Oyèbámijí Dorcas ni mo kọ káfíátì, ìwé ìdádúró tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ogún bàbá wa lọ síwájú ní Pùróbéètì, ọ́fíìsì kọ́ọ̀tù tó ń rí sí ogún. Kì í ṣe Wọlé. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti ń gbé e kiri, mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nínú àdúrà pàápàá, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Ọ̀mù-Àrán la ti ṣe Àjíǹde. Lánàá, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀, ó ní lọ́yà sọ fún òun pé ẹnìkan ti fi ìwé dí ọ̀nà. Bí onítọ̀hún kò bá kó ìwé rẹ̀ kúrò, ìjọba ò ní lu òǹtẹ̀ sí ìwé àṣẹ tí òun àti Tiwalọlá, àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ni ní yunifásítì, fẹ́ gbà láti máa bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Orúkọ tó wà lára ìwé ìdádúró náà ni O. Fọlọ́runṣọ́. Àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, Pàkátà.

Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Wọlé. Oyèwọlé. Pàkátà ni ilé ìtẹ̀wé tí ó ti ń ṣiṣẹ́ wà, òun àti bàbá wa ò sì rẹ́ mọ́ láti ọdún tí ó ti kọ iṣẹ́ olùkọ́. Èmi náà wò ó. Ọlọ́run rí mi. Mo yí ojú sí àbúrò tí èmi àti ẹ̀ jọ mu ọmú kan náà bíi tàwọn yòókù.

Mo ti ń bi ara mi bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ O nìkan ni. Oyèbámijí ni orúkọ tí bàbá sọ mí, mo sì kọ orúkọ ilé bàbá mi torí pé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ni mo ṣe lọ síbẹ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ilé Salimat ọ̀rẹ́ mi ni mo fi ṣe àdírẹ́ẹ̀sì, kí ìwé má bàa já lé ọkọ mi lọ́wọ́ ní òpin oṣù tó bá ti Lọ́kọ́ja dé. Mi ò rántí Wọlé nígbà náà. Mo rò pé mi ò rántí rẹ̀.

Ẹtì, 16 Épírì

Ilé-ìwé ń wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo òbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí pé ọmọ wọn ti ga. Mo rán ṣòkòtò péńpé mẹ́tàlá àti pinafọ́ mẹ́fà. Róòlù òwú tó jẹ́ náírà mẹ́fà ṣáájú Kérésì ti di mẹ́sàn-án. Salimat tó ń ta ìbòrí àti tẹ̀súbáà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi ní kí n kúkú máa fi irun ewúrẹ́ rán an. Òwú ti wọ́n ní Ọjà Tuntun. Owú nìkan ni mi ò rà.

Kí n kọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí n má bàa parọ́ fún ara mi tó bá yá. Ní oṣù Jánúárì la ṣe ìpàdé lórí ẹni tí yóò lọ gba ìwé àṣẹ náà. Èmi ni àkọ́bí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ju Tiwalọlá lọ. Ìyá tèmi ti kú kí wọ́n tó gbé ìyá tirẹ̀ wọlé. Bàbá Kékeré ò tilẹ̀ mí kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tiwa ló mọ̀wé. Dorcas, ìwọ á bá wa mójú tó oúnjẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sì mójú tó oúnjẹ náà, ìrẹsì ò jóná.

Nígbà tó di oṣù Máàṣì, mo gbọ́ pé wọ́n ti lẹ orúkọ mọ́ ògiri ní Pùróbéètì, pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni yóò fi wà níbẹ̀ kí ẹni tó bá ní ohun láti sọ lè sọ ọ́. Mo lọ wò ó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sábẹ́ orúkọ Bàbá Kékeré: Dókítà Tiwalọlá Fọlọ́runṣọ́, ọmọ olóògbé. Ọmọ olóògbé, bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ló bí. Mo dúró níbẹ̀ títí akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Àbdùlgàfárù fi jáde, ó bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí i. Mo ní mo ní. Ó gbé ìwé pélébé kan fún mi.

Káfíátì ò béèrè ìdí. Ohun tó ń sọ ò ju pé kí wọ́n má lu òǹtẹ̀ láì kọ́kọ́ fi tó mi létí. Oṣù mẹ́ta ló ń lò. Ìwé wo ló tún lè rọrùn tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò ní ìdí?

Ọjọ́rú, 21 Épírì

Ìjì lánàá. Páànù mẹ́jọ ló ṣí lórí ilé bàbá wa ní Basin, láti orí yàrá bàbá títí dé ilé ìdáná. Wọ́n rí ọ̀kan nínú ọgbà àwọn aládùúgbò kẹta.

Ọjọ́bọ̀, 22 Épírì

Mo gbé garawa àti àkísà lọ sí Basin. Tiwalọlá ti débẹ̀. Ó so ìró mọ́dìí, ó gun àpótí, ó ń na ìwé bàbá tó tutù sí Màmá, ìyá rẹ̀, ìyẹn ń tò wọ́n sóòrùn. Ó ti ra tapólì bo òrùlé, ó ti fi òkúta mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ti pe káfíńtà. Bí ó ṣe rí mi ló sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má ṣe wàhálà, mo ti ṣe é."

Mo ti ṣe é. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn.

Káfíńtà ní tapólì ò lè ju oṣù kan lọ, pé igi ti jẹrà, àfi kí wọ́n tún gbogbo òrùlé yẹn ṣe. Owó bàbá wà ní báńkì tó tó o ní ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n báńkì ní àwọn ò mọ ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó bá mú ìwé àṣẹ wá. Màmá jókòó sórí ibùsùn tí wọ́n ti gbé sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ojú àwòrán. Ó ní, "Ẹni tó kọ ìwé yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òjò wọlé tirẹ̀." Kì í ṣe èpè. Àdúrà ni. Mo ṣe àmín.

Àwòrán tó ń nù náà ni ti ọjọ́ tí Tiwalọlá gboyè: bàbá nínú agbádá, òun nínú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Òun náà ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìnkú. Mo wá èyí tí bàbá àti èmi nìkan yà. Kò sí. Mo jáde ilé-ìwé girama ní 1966 pẹ̀lú èsì tó dára. Bàbá ní owó ò sí, kí n lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Nígbà tó kan Tiwalọlá, owó wà.

Mo fi garawa mi gbọ́n omi tó kù ní ilé ìdáná. Kò pọ̀.

Ọjọ́rú, 28 Épírì

Òjò láti àárọ̀. Páànù ṣọ́ọ̀bù ń dún, ọkàn mi ń lọ sí Basin.

Àìkú, 2 Mée

Ìpàdé mìíràn ní Basin lẹ́yìn ìsìn. Bàbá Kékeré bi Wọlé lójú gbogbo wa bóyá òun ló kọ ọ́. Wọlé ń jẹ àgbàdo lọ́wọ́, kò gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Tí mo bá fẹ́ bá yín jà, ṣé mo máa fi lẹ́tà kan ṣoṣo bo orúkọ mi ni? Màá kọ ọ́ sára ògiri."

Bàbá Kékeré ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Wọlé ní ìdáhùn tí òun ní nìyẹn. Tiwalọlá gbìyànjú láti pẹ̀tù sí i, ó ní kí a má fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, lọ́yà òun máa fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì náà, onítọ̀hún á fúnra rẹ̀ jáde. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo ilé dákẹ́ fún un. Bí èmi bá ń sọ̀rọ̀ nílé yẹn, wọ́n á máa bu ọbẹ̀.

Nígbà tí a ń lọ, Wọlé bá mi gbé garawa mi dé títì.

Ọjọ́rú, 5 Mée

Ìwé ìkìlọ̀ ti dé. Akódà kọ́ọ̀tù gun ọ̀kadà lọ sí Pàkátà láàárọ̀ kùtù, Salimat gbé e wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ ìbòrí. Ó ní, "Ìyá Túnmiṣe, ó béèrè O. Fọlọ́runṣọ́. Mo ní ó ti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí. Mo sọ onígbàgbọ́ di lèmọ́mù nítorí yín."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, omi náà ò sì fẹ́ dá mọ́. Kò mọ̀ ju pé mo ní ìwé kan tí mi ò fẹ́ kó dé ilé. Ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìbòrí.

Ìwé náà ní kí n wá sọ ohun tí mo ní nínú ogún náà láàárín ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Mée

Mo lọ bá Àbdùlgàfárù. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ábídí. Mo lè mú rísíìtì mi wá kí n sì gba káfíátì mi padà, òun á fà á rẹ́ nínú ìwé ńlá, lọ́yà wọn á rí i. Mo lè kọ ìwé ìjẹ́pè, ìyẹn ni pé mo dáhùn, mo ní ẹ̀tọ́, a ó jọ lọ síwájú adájọ́. Tàbí kí n má ṣe ohunkóhun. Bí ọjọ́ mẹ́jọ bá kọjá láì sí ohùn mi, wọ́n á búra pé ìwé dé ọwọ́ mi, mi ò dáhùn, káfíátì á kú fúnra rẹ̀.

Mo bi í bóyá ẹni tó bá kú fúnra rẹ̀, wọ́n máa ń béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní ta ló máa ń bi òkú?

Nítorí náà, mi ò ní ṣe ohunkóhun. Màmá á rí òrùlé, wọ́n á máa fojú burúkú wo Wọlé fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á gbàgbé, èmi á gbàgbé. Ìwà ojo ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó jọ ìwà rere láti òkèèrè.

Ajé, 10 Mée

Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé. Mẹ́fà. Ó ku méjì.

Kò sí epo bẹntiróòlù láti Àbámẹ́ta. Mo fẹsẹ̀ rìn wá sí ọjà.

Ọjọ́rú, 12 Mée

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi títí aago fi lu méjì tí Pùróbéètì ń ti ilẹ̀kùn. Mi ò yà sí ibì kankan. Mo rán ọ̀já ìgbàdí mẹ́rin, mo tú méjì. Nígbà tí àgogo náà dún tán, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá yọ ẹ̀gún kúrò látẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀.

Mo ra ẹja kíká méjì, mo dín in. Àwọn ọmọ ń bi mí kí la ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Mo ní kò sí, ẹja ni.

Ọjọ́bọ̀, 13 Mée

Ká ní mo jókòó sílé mi. Ká ní mo kàn jókòó.

Mo fẹ́ kí wọ́n fa ìlà lé káfíátì náà lójú mi, ìyẹn nìkan ló gbé mi dé Pùróbéètì ní aago mọ́kànlá. Mo sọ fún Àbdùlgàfárù pé ó ti kú lánàá, kí ó jọ̀ọ́ bá mi sin ín. Ó ṣí ìwé ńlá, ó mú pẹ́ńsù.

"Ọjọ́rú tó kọjá ló tẹ̀ yín lọ́wọ́?"

"Ọjọ́rú. Ọjọ́rú àná ló pé mẹ́jọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọjọ́ mẹ́jọ ìkómọ nìyẹn. Kọ́ọ̀tù kì í ka ọjọ́ tí ìwé dé. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbí, lẹ́yìn ọjọ́ tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ ni ení. Òní gan-an ni ẹ̀jọ."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, láti kékeré la ti ń kà á. Ó bi mí pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Ìṣẹ́gun, kí la ó máa pè é lónìí. Mo ní ìjẹta. Ó ní, "Ẹ rí i. Ẹ̀ta lẹ kà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, èjì ni. Àwọn èèyàn wa tó ti ṣubú sínú ìjẹta yẹn pọ̀. Ẹ ṣì ní títí di aago méjì."

Ká ní ó pa ẹnu mọ́ níbẹ̀, ǹ bá ti padà sílé. Èèyàn dáadáa ni, ó kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó ní dókítà tó ni fáìlì náà wá lánàá, pé obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe ni, ó bá òun to gbogbo ìwé tó wà lórí tábìlì. Ó ní dókítà náà sọ pé nínú gbogbo ọmọ, òun nìkan ni bàbá àwọn máa ń fún ní kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé rẹ̀.

Mo mọ àpótí náà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo ṣí i, torí pé mo fẹ́ rí ìwé ìbí mi, kí n mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Bàbá fi rúlà na ẹ̀yìn ọwọ́ mi mẹ́fà. Ó ní àpótí ọ̀gá ilé-ìwé kì í ṣe ohun ìṣeré obìnrin. Mo gbà á gbọ́. Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo gbà pé kò sí obìnrin tó lè fọwọ́ kàn án.

Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń béèrè fọ́ọ̀mù ìjẹ́pè. Àbdùlgàfárù wò mí. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní kó mú un wá. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ní kíkún, mo kọ ọ́ ní kíkún. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí mo ní nínú ogún náà, mo kọ: Ọmọ àkọ́bí.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù. Fún ìwọ̀n ìgbà tí ohùn òǹtẹ̀ náà fi wà létí mi, inú mi dùn. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹtì, 14 Mée

Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà Pùróbéètì kí wọ́n tó ṣí i. Mo ní kí Àbdùlgàfárù dá ìwé mi padà. Ó ní ká ní àná ni kí n tó kọ ìjẹ́pè, rísíìtì mi nìkan ti tó. Ní báyìí ó ti di ẹjọ́, ó ti kúrò lọ́wọ́ òun, ó ti wọ fáìlì adájọ́. Adájọ́ sì ti lọ ìsinmi. Bó bá dé, yóò mú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, wọn á fi ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀dà ìjẹ́pè mi ránṣẹ́ sí lọ́yà wọn. Títí di ìgbà náà, ohun tí wọ́n á gbọ́ kò ní ju pé O. Fọlọ́runṣọ́ ti dáhùn.

Àìkú, 23 Mée

Mi ò lọ sí ìsìn. Bàbá Kékeré ti gbọ́ pé O. dáhùn. Ó ní Wọlé ti gbójú tó láti bá òkú ṣe ẹjọ́.

Tapólì ti ya ní ẹ̀gbẹ́ kan. Tiwalọlá ti kó Màmá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Tanke, ní yàrá kan tó ń gbé. Mo gbọ́ pé orí àga lòun fúnra rẹ̀ ń sùn. Mo kọ́kọ́ rò pé kó sùn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rò pé kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni Màmá wá, èmi tí mo ní yàrá mẹ́ta. Mo jowú àbúrò mi torí òun ni ìyà ń jẹ.

Ìṣẹ́gun, 1 Júùnù

Iléyá. Salimat gbé itan àgbò wá. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un lánàá, mi ò lè gbé e mọ́. Lónìí, bí ó ṣe gbé àwo sílẹ̀, ó ní, "Wàláì, ọmọ mẹ́rin lẹ ní, ọmọbìnrin yẹn ò ní ìkankan. Ẹ ní ọkọ, kò ní. Kí lẹ wá ń jowú?"

Mo ní kọ́kọ́rọ́.

Ó gbé orí sókè, ó wò mí títí. Ó ní àmáánà, ohun ìfọkàntán, ni òun fi orúkọ ilé òun ṣe fún mi, pé wọ́n kì í gbé ẹrù ẹlòmíràn sínú àmáánà. Ó ní tí akódà bá tún padà wá, òun ò ní sọ pé ẹnikẹ́ni lọ kírun. Ó ní kí n jẹ ẹran náà kó tó tutù.

Ìṣẹ́gun, 8 Júùnù

Wọlé wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n bá òun pààrọ̀ síìpù ṣòkòtò. Ó fi ìbòrí Salimat dì mọ́dìí, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ní ká ní àwọn ará Pàkátà rí òun báyìí, wọ́n á fẹ́ òun sílé. Lẹ́yìn náà ló sọ pé Bàbá Kékeré ti ránṣẹ́ sí òun. Kí òun má wá sí Ọ̀mù-Àrán ní Àbámẹ́ta ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n á gbé òkúta sí ojú oórì bàbá. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ta iṣu.

Mo tú síìpù náà tán kí n tó lè la ẹnu. Mo ní, "Wọlé, èmi ni."

"Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Láti Àjíǹde, Àǹtí. Gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni ń wá olè. Ẹ̀yin nìkan lẹ wò mí bí ẹni tó mọ ibi tí ẹrù wà."

Mo bi í ìdí tí kò fi sọ. Ó ti ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ìbòrí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa kú. Mo ní kí èmi náà pọ̀n yín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti wúwo. Ẹ sọ̀ báyìí."

Mi ò rí abẹ́rẹ́ mọ́. Ó bi mí bóyá torí ilé ni. Mo ní rárá. Ó ní ṣé torí owó báńkì ni. Mo ní rárá. Ó ní torí kí ni? Mo ní torí Tiwa. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. Ó ní, "Òun náà ni mo sá fún tí mo fi lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ta ló máa bá a du ìwé?" Ó wọ ṣòkòtò rẹ̀, ó fa síìpù náà sókè sódò, ó ní ó dára, ó lọ.

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Mi ò sì béèrè.

Àbámẹ́ta, 12 Júùnù

Mo dìbò. Oòrùn mú, ìlà gùn, kò sẹ́ni tó jà.

Ìṣẹ́gun, 15 Júùnù

Gbogbo Ọjà Tuntun ń gbé rédíò sétí nítorí ìbò. Èmi lọ sí Pùróbéètì.

Adájọ́ ti dé. Ó ti mú ọjọ́: ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Júláì. Àbdùlgàfárù ní ẹ̀dà ìjẹ́pè mi wà nínú àpò akódà, ó máa jáde ní Ọjọ́bọ̀. Mo ní mi ò fẹ́ ṣẹjọ́ mọ́. Ó ní ọ̀nà kan ló kù tí a kò fi ní dé iwájú adájọ́ ká tó fi í sílẹ̀. Ó fa ìwé kan yọ. Ibi tí mo máa fọwọ́ sí wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, pé mo yọ̀ǹda. Lápá òsì ni ti ẹni tí mo dá dúró, pé òun gbà kí n lọ. Láìsí ìfọwọ́sí ti apá òsì, ti apá ọ̀tún ò ju ìwé lásán lọ.

Mo bi í bóyá lọ́yà ò lè fọwọ́ sí i dípò rẹ̀, kí orúkọ mi kàn wà nínú fáìlì. Ó ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í. Mo bi í bóyá a lè dúró de oṣù mẹ́ta káfíátì kó parí. Ó ní ìjẹ́pè ti so ó rọ̀, kò ní parí mọ́. Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Ó ní, "Ìyá, ṣé àbúrò yín ni dókítà yẹn ni?"

Mo ní àbúrò mi ni.

"Àbúrò yín ni ẹ wá ń gba kọ́ọ̀tù bá sọ̀rọ̀?"

Mo gba ìwé náà, mo fọwọ́ sí apá tèmi níbẹ̀.

Ojú ọ̀nà ni mo ti ń rò ó. Láti sọ pé mo ṣìnà pàápàá, àfi kí Tiwalọlá fún mi láyè. Ohun gbogbo tí mo fẹ́ nílé yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà, títí kan èyí. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọjá ibi tí mo ti ń wọ mọ́tò. Mo wá dúró, mo yẹ ara mi wò, bóyá owú náà ti tán níbì kan. Kò tán. Ó wà níbẹ̀ gbọnyin. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó kọ́kọ́ tán kí n tó lọ, Màmá á kú sínú yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n á sì gbé òkúta sórí bàbá láìsí ọmọkùnrin rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣì ń daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ilé ni Tiwalọlá máa wà.

Lọ́la, Ọjọ́rú, kí aago méje tó lù, mo máa wọ bọ́ọ̀sì Tanke. Mo máa sọ ọ́ fún Tiwalọlá níwájú ìyá rẹ̀, mo máa sọ pé Wọlé ò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré lọ́la yẹn náà. Tó bá ní kí n jókòó, mi ò ní jókòó. Mo máa na ìwé náà sí i, mo máa dúró lórí ẹsẹ̀ mi títí yóò fi kà á tán.